Àwọn tó ní kí Ṣáínà ṣe òfin náà ló tún dá a dúró: àlàyé lórí ìjà àmì òwò ọdún 1904

Bí ọ̀rọ̀ ayédèrú ọjà bá ti délẹ̀, Ṣáínà ni gbogbo ẹnu máa ń sá lọ bá. Wọ́n á ní àwọn ará ibẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì òwò, pé òyìnbó ló ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí tí wọn ò gbọ́. Ẹni tó bá wá fi èyí sọ́kàn lọ ka ìtàn, orí rẹ̀ á dàrú. Ìtàn sọ pé ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àdéhùn de Ṣáínà pé kó dáàbò bo àmì òwò àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáínà gbà. Ó gbé òfin àmì òwò jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1904, ó ní yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá. Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kan náà, pẹ̀lú Jámánì àtàwọn míì, ló ní kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin náà ò sì bẹ̀rẹ̀, títí tí ìjọba ọba fi kógbá sílé ní Ṣáínà.

Ta ní ń ránni níṣẹ́, tó tún ń di ojú ọ̀nà mọ́ ẹni tó rán? Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Kí là ń pè ní àmì òwò?

Àmì òwò ni orúkọ, àwòrán tàbí ìlà tí oníṣòwò fi sára ọjà kí oníbàárà lè mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Kò sí ẹni tí wọn ò gbà láyè kó se ọṣẹ. Àmọ́ bí o bá se ọṣẹ tìẹ, tó o wá lẹ àwòrán tí wọ́n fi ń dá tèmi mọ̀ mọ́ ọn, oníbàárà mi lo ń kó lọ. Bí ọṣẹ rẹ bá tún ń họni lára, èmi ni wọ́n á máa bú.

Ní àwọn èbúté Ṣáínà nígbà náà, àwòrán ló ń ta ọjà. Ìdì aṣọ òwú tó ti Manchester dé máa ń ní bébà aláwọ̀ mèremère lójú: ẹranko kan, òrìṣà kan, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Àgbẹ̀ tó fẹ́ ra aṣọ ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Lágbájá àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹranko yẹn ló mọ̀. Òun ló máa dárúkọ fún ẹlẹ́rù, òun náà ló máa yẹ̀ wò kó tó kówó sílẹ̀. "Chop" làwọn oníṣòwò òyìnbó tó wà níbẹ̀ ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí òǹtẹ̀, tó ti ìhà India rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ẹlòmíì bá wá ya ẹranko kan náà, tó kàn yí ìrù rẹ̀ sápá kejì, ta ni yóò fura? Ẹ fi ìrù yẹn sọ́kàn. Àdéhùn 1902 kò fi mọ sórí àdàkọ pọ́ńbélé. Ó dárúkọ èyí tí wọ́n yí díẹ̀ láti fi bojú náà.

Ṣé Ṣáínà ò mọ àmì òwò tẹ́lẹ̀ ni?

Wọ́n mọ̀ ọ́n, ó pẹ́. Idẹ pẹlẹbẹ kan wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ṣáínà ní Beijing, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti ayé àwọn ọba Song ló ti wà, ìyẹn láàárín 960 sí 1279. Ilé ìtajà abẹ́rẹ́ ìdílé Liu ní ìlú Jinan ló ni ín, òun ni wọ́n fi ń tẹ bébà tí wọ́n fi ń kéde ọjà. Orúkọ ilé ìtajà wà lókè. Láàárín, ehoro funfun kan di ọmọ odó mú, ó ń gún oògùn. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ehoro náà pé kí oníbàárà fi ehoro funfun tó wà níwájú ilé ṣe àmì. Nísàlẹ̀, wọ́n ní irin tó dára làwọn ń rà, abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ làwọn fi ń rọ. Bí ènìyàn bá ń wá ìpolówó ọjà tó pé pérépéré, kí ló tún kù?

Ọ̀rọ̀ kí wọ́n fìyà jẹ afàmì-ẹni-tajà náà kì í ṣe tuntun. Ní Songjiang, nítòsí Shanghai, àwọn aláṣẹ gbẹ́ ìkìlọ̀ sára òkúta ní 1736, wọ́n ní kí àwọn aláṣọ yéé fi orúkọ ilé ìtajà ẹlòmíì ta aṣọ tiwọn.

Ohun tí kò sí ni ìwé ńlá kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń lọ fi àmì sí. Bí ìjà bá dé, ẹgbẹ́ oníṣòwò ló ń parí ẹ̀, tàbí adájọ́ àdúgbò. Ìforúkọsílẹ̀ yìí ni nǹkan tuntun tí wọ́n ń béèrè. Ó tó ká mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí kéèyàn máà mọ̀ pé olè jíjà burú.

Níbo làwọn ìjọba òkèèrè ti rí ẹnu bá Ṣáínà sọ̀rọ̀?

Ogun ló là á fún wọn. Lẹ́yìn ogun òpíọ̀mù àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ṣáínà jà, àdéhùn Nanjing 1842 ṣí èbúté márùn-ún fún Gẹ̀ẹ́sì: Guangzhou, Xiamen, Fuzhou, Ningbo àti Shanghai. Àwọn àdéhùn mìíràn tẹ̀ lé e, nǹkan méjì sì wà nínú wọn tí a ò lè fò dá.

Èkíní: ohunkóhun tí Ṣáínà bá fún orílẹ̀-èdè kan, ó di dandan kó fún àwọn yòókù. Bí ìyá ṣe bu ẹran méjì fún ọmọ kan, tí gbogbo àwọn tó kù na àwo wọn pé méjì làwọn náà ń gbà. Èkejì: ọmọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyí tó bá ṣẹ̀ ní Ṣáínà, adájọ́ Ṣáínà ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èyí ni ọ̀bẹ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, a máa padà bá a.

Ní 1900, àwọn Boxer, ẹgbẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan, dìde sí àwọn àjèjì, ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mẹ́jọ sì wọ Beijing. Ní oṣù Kẹsàn-án 1901 wọ́n bu owó ìtanràn lé Ṣáínà: 450 mílíọ̀nù tael fàdákà (tael ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka owó fàdákà ní Ṣáínà), tí wọ́n máa san fún ọdún 39. Inú ìwé kan náà ni ìlà kékeré kan wà pé Ṣáínà máa jókòó láti tún àwọn àdéhùn òwò ṣe. Ìlà kékeré yẹn ló bí ọ̀rọ̀ àmì òwò.

Sir James Mackay ni Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí Shanghai. Sheng Xuanhuai àti Lü Haihuan ló dúró fún Ṣáínà. Wọ́n buwọ́ lùwé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 1902. Ohun tó wà lábala keje ni pé níwọ̀n ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń dáàbò bo àmì òwò àwọn ará Ṣáínà, kí Ṣáínà náà dáàbò bo tàwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn létí. Àmọ́ ilé iṣẹ́ Ṣáínà mélòó ló ń ta ọjà alámì ní London ní 1902? Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 1903 ni Amẹ́ríkà àti Jàpáànì buwọ́ lu tiwọn, lọ́jọ́ kan náà, àmì òwò sì wà nínú méjèèjì.

Bí wọ́n bá jí àmì rẹ, ọ̀dọ̀ ta lo máa gbé ẹjọ́ lọ?

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń sáré kọjá, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ẹ fojú inú wo ilé kan tó ní ayálégbé mẹ́wàá. Onílé ò láṣẹ láti bá ìkankan nínú wọn wí. Bàbá kálukú, tó wà lábúlé ibòmíì, ló ń bá ọmọ rẹ̀ wí, òfin ilé tirẹ̀ ló sì ń lò. Bí ayálégbé kan bá wá jí ìkòkò ayálégbé kejì, ẹni tí wọ́n jà lólè ò lè lọ bá onílé, kò sì lè lọ bá bàbá ara rẹ̀. Bàbá olè ló máa lọ bá.

Bí Shanghai ṣe rí nìyẹn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kóòtù Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́ńsúlù Amẹ́ríkà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí ìjọba rẹ̀ rán wá láti mójú tó àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Jàpáànì, kọ́ńsúlù Jàpáànì. Àwọn ọmọ onílé nìkan, ìyẹn àwọn ará Ṣáínà, ni adájọ́ Ṣáínà lè pè.

Nínú àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí Ṣáínà máa dá lẹ́kun ni "ọmọ abẹ́ ìjọba Ṣáínà". Nínú ti Jàpáànì, bákan náà. Olúkúlùkù gba ìlérí pé ará Ṣáínà ò ní jí àmì òun. Kò sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlérí pé ará Jàpáànì ò ní jí tòun.

Àwọn ará Jàpáànì sì ni wàhálà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Ṣáínà ní 1895, àwọn náà gba ẹ̀tọ́ tí àwọn òyìnbó ní, ilé iṣẹ́ wọn sì ń gbèrú. Ìṣáná, ọṣẹ, òwú, oríṣiríṣi ọjà tó rọjú ju ti Yúróòpù lọ ń wọ Ṣáínà láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wọ aṣọ ẹlòmíì wá, tàbí aṣọ tó jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ ṣàpẹẹrẹ. Oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan rí ọṣẹ kan lójà Shanghai tí bébà rẹ̀ jọ tirẹ̀ bí ìbejì, ará Jàpáànì ló ń tà á. Ó lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba Ṣáínà. Ìyẹn ní, "Agbára mi ò ká a." Ó lọ sí kóòtù Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní, "Olùjẹ́jọ́ kì í ṣe ọmọ wa." Ó forí lé ọ́fíìsì kọ́ńsúlù Jàpáànì, wọ́n bi í pé, "Ṣé o ti fi àmì yìí sílẹ̀ ní Tokyo?" Bí kò bá tíì fi sílẹ̀, tàbí bí ará Jàpáànì kan bá ti yára fi sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó di pé kó máa lọ sílé.

Ohun kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ ni pé títí di 1899, irú àjàgà yìí wà lọ́rùn Jàpáànì fúnra rẹ̀. Kọ́ńsúlù òyìnbó ló ń dá ẹjọ́ òyìnbó ní Yokohama. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lọ́rùn tiwọn ni, àmọ́ ní Ṣáínà, ìdí àjàgà ni wọ́n dúró sí.

Ta ló kọ òfin 1904?

Ọwọ́ méjì ló kọ ọ́. Àdéhùn Mackay ní kí àwọn ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ wà lábẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù. Kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà ìgbà náà jẹ́ ti ọba Ṣáínà lórúkọ, ṣùgbọ́n òyìnbó ló wà nípò gíga níbẹ̀, Robert Hart, ọmọ Ireland, ló sì ń darí rẹ̀ láti 1863. Ìyẹn ni pé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní "ẹ fi sọ́wọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù," ó mọ ọwọ́ tó ń sọ. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ kọ òfin náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1904, ó sì ṣe é bó ṣe tẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn.

Àmọ́ Ṣáínà ti dá ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun kan sílẹ̀ ní 1903, èyí tó ń rí sí òwò. Wu Tingfang, tó ti kọ́ iṣẹ́ amòfin ní London, tó sì ti ṣe aṣojú Ṣáínà ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Irú wọn ò ní jẹ́ kí àlejò kọ òfin ilé fún wọn kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n tún un kọ, òfin Jàpáànì ni wọ́n sì wò jù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànì. Ohun tó jáde ní abala 28. Ọ́fíìsì àgbà di ti Beijing, lábẹ́ ilé iṣẹ́ òwò. Ti Kọ́sítọ́ọ̀mù ní Tianjin àti Shanghai di ẹ̀ka tó kàn ń gba ìwé wọlé.

Kálámù ti kúrò lọ́wọ́ Hart nìyẹn. Bí mo ṣe wò ó, ká ní nǹkan míì kankan ò sí nínú òfin yẹn, èyí nìkan ì bá ti tó bí ilé aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Beijing nínú.

Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, àbí ẹni tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀?

Nǹkan míì wà níbẹ̀, òun ló sì le jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wò ó. Ọkùnrin kan ti ń dáko lórí ilẹ̀ kan fún ogún ọdún, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun ló ni ín, kò kàn gba ìwé ni. Ẹnì kan wá sáré lọ sílé ìjọba, ó gba ìwé ilẹ̀ yẹn lórúkọ ara rẹ̀. Ta ló nilẹ̀?

Lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń dáko ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lóòótọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò. Ó ṣí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1876, onígun mẹ́ta pupa ti ọtí Bass ló sì wà ní nọ́ńbà kìíní. Àmọ́ ẹni tó ti ń lo àmì tipẹ́ kì í sọ ọ́ nù sọ́wọ́ ẹni tó sáré. Lójú òfin Jàpáànì, ìwé ni ẹ̀rí: ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ló ni ín. Ti Jàpáànì yìí ni òfin Ṣáínà tuntun náà fara jọ. Ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àmì tó ti wà lójà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yíyá ló ń san jù nínú ẹ̀.

Ẹ wá ka ọjọ́. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá jẹ́ 80 ọjọ́. Lẹ́tà tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Shanghai sí Manchester ń lò ju oṣù kan lọ, ìdáhùn náà á lò tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó gbọ́, kó tó kó àwọn àmì rẹ̀ jọ, kó tó fi wọ́n ránṣẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Láti Jàpáànì, ọjọ́ mélòó kan ni. Ẹni tó ti ń fi àmì ẹlòmíì ta ọṣẹ lè débẹ̀ ṣáájú ẹni tó ni ín, kó fi í sílẹ̀, kó wá padà bọ̀ wá pe olóhun lólè. Ìforúkọsílẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ láti fi mú olè ló fẹ́ di ìwé àṣẹ olè.

Báwo ni wọ́n ṣe dá a dúró?

Lẹ́tà ni wọ́n fi dá a dúró. Kò gba ìbọn. Sir Ernest Satow ni aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Beijing. Òun àti aṣojú Jámánì àtàwọn míì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Ṣáínà pé kò tíì yá, pé àwọn oníṣòwò àwọn ò tíì ráyè, pé àwọn abala kan tako àdéhùn. Ti Jàpáànì yàtọ̀ o. Òfin náà tẹ́ ẹ lọ́rùn bó ṣe wà.

Ṣáínà ò rí ọ̀nà àtifagídí. Òfin tí àwọn aṣojú ò bá fọwọ́ sí, ta ló máa mú àwọn ọmọ wọn pa á mọ́? Nítorí náà wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Nígbà tó yá, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì àti Austria jọ kọ àtúnṣe tiwọn wá. Ṣáínà tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún dá a padà. Báyìí ni wọ́n ń ti ìwé síra wọn.

Kí wọ́n tó parí ẹ̀, àwọn ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣe àdéhùn lẹ́yìn onílé. Láti 1905, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bá Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ìjọba Yúróòpù míì pààrọ̀ lẹ́tà pé bí ọmọ rẹ bá jí àmì ọmọ mi ní Ṣáínà, kọ́ńsúlù rẹ á bá a wí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1908, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì buwọ́ lu irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí ọjà Ṣáínà. Ní Washington ni wọ́n ti buwọ́ lù ú. Ṣáínà ò sí nídìí tábìlì.

Àwọn oníṣòwò kan ń fi àmì wọn pamọ́ sọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù ní Shanghai àti Tianjin ní gbogbo àsìkò yìí. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá fi ẹrù pa mọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò: ẹ̀rí wà pé o gbé e wá, àmọ́ kò sí òfin tó máa gbà á fún ọ bó bá sọnù.

Ìgbà wo wá ni òfin ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ gan-an?

Ọba tó kẹ́yìn fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1912. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1923 ni ìjọba Beijing gbé òfin àmì òwò tó ṣiṣẹ́ jáde, tó sì ṣí ọ́fíìsì fún un. Àwọn aṣojú tún ráhùn. Gẹ̀ẹ́sì tún ní Kọ́sítọ́ọ̀mù ló yẹ kó mójú tó o, bíi pé ogún ọdún ò tíì kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ́fíìsì náà ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn àjèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kẹ́lẹ́ wá fi àmì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmì tó gba nọ́ńbà kìíní nínú ìwé yẹn kì í ṣe ti Manchester tàbí ti Tokyo. Ìyẹ̀fun ni, láti ọ̀dọ̀ ìdílé Rong ní Wuxi, ní Ṣáínà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ogun ló sì wà lójú àpò rẹ̀. Àmọ́ bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọmọ Amẹ́ríkà kan bá ya ọkọ̀ ogun kan náà sójú àpò tirẹ̀ ní Shanghai, kóòtù orílẹ̀-èdè onítọ̀hún ṣì ni ìdílé Rong máa lọ. Oṣù Kìíní 1943 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì tó fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀.